Ta Ni Ọ̀gá Ọkọ̀? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Checkout Nínú Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Òfurufú

Àwọn awakọ̀ òfurufú ọmọ Yorùbá tó wà ní agbègbè Houston ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, tí ẹ fi ọjọ́ Sátidé yín sílẹ̀ wá jókòó síbí, Ọlọ́run á jẹ́ kí ó yẹ yín.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bàálù kékeré kan wà lófurufú, ènìyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jókòó lápá òsì ti ní láísẹ́ǹsì láti nǹkan bí ogún ọdún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ sì ti sọ fún un pé kò ní dá gbé ọkọ̀ àwọn jáde, àfi tí olùkọ́ bá kọ́kọ́ bá a fò, tó sì buwọ́ lù ú pé ó mọ̀ ọ́n wà. Olùkọ́ yẹn ló jókòó lápá ọ̀tún. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí checkout nìyẹn. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ọ̀gá ọkọ̀, ẹni tí ìwé òfin ń pè ní pilot in command, tí àwa ń gé kúrú sí PIC?

Mo ní kí ẹ nawọ́. Àwọn tó ní olùkọ́ ni ọ̀gá tó ìdajì. Àwọn tó ní ẹni tó ń wà á ni kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí wọn. Àwọn mẹ́ta ní àwọn méjèèjì ni. Ẹnì kan ṣoṣo, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ló dáhùn pé, "Ṣé wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó gbéra?" Ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn fara balẹ̀. N ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí n tó la ìwé òfin, n ó sọ bí ìbéèrè yìí ṣe kan èmi gan-an.

Ní 2016, mo ń ṣe olùkọ́ fún ẹgbẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Texas níbí. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ọmọ ọdún 29 ni mí. Bàbá kan wá, ọmọ Ìjẹ̀bú, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, ó dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ. Ó ti ń wa bàálù kéékèèké kí n tó dé ayé. Ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kó lè máa lo Cessna 172 wa. Bí mo ṣe gbọ́ Ìjẹ̀bú lẹ́nu rẹ̀ báyìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé n kò dìde kúrò níbẹ̀ nínú ọkàn mi títí a fi balẹ̀.

A yẹ ọkọ̀ wò yíká, a wo epo, a wo òróró ẹ́ńjìnnì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí láísẹ́ǹsì, wọ́n fi hàn mí. Mo béèrè ìwé ìlera, ó wà níbẹ̀. Ìbéèrè kẹta tó yẹ kí n bi wọ́n, n kò bi wọ́n. Ojú ń tì mí. Mo rò ó pé ta ni mí tí n ó dá irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ dúró bí ọlọ́pàá ojú títì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà." A tan ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá.

Òkè lọ́hùn-ún, ohun gbogbo dán. Wọ́n mọ ọkọ̀ wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ wọn. Ìgbà tí a fẹ́ balẹ̀ ni wàhálà dé. Afẹ́fẹ́ ń ti apá òsì wá, nǹkan bíi nọ́ọ̀tì (knot, ìwọ̀n ìyára afẹ́fẹ́) 10, ó sì ń ru sókè dé 17. Nínú ìwé Cessna 172 ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ọ̀tì 15 ni àwọn tó ṣe é fi hàn pé wọ́n ti dán an wò dé nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́. Bàbá gbé imú ọkọ̀ sókè jù, ó sì yá jù. Ọkọ̀ léfòó. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá lọ sí apá ọ̀tún runway, ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí. Ìyára ń lọ sílẹ̀. Ohun tó kù kò ju kí ẹnì kan ti gáàsì wọlé tán, kí a padà sókè ká tún un ṣe. Mo dúró de Bàbá pé wọ́n á ṣe é, torí mo gbà pé àwọn ni ọ̀gá. Bàbá dúró dè mí, torí wọ́n gbà pé olùkọ́ ni ọ̀gá. Nígbà tí mo nawọ́ mú ìdarí níkẹyìn, n kò sọ̀rọ̀, wọn kò sì mọ̀ pé mo ti mú un, wọn kò tú ọwọ́ tiwọn sílẹ̀. Èmi ń fà, àwọn ń tì. Táyà iwájú ló kọ́kọ́ gbá ilẹ̀.

A dúpẹ́, ara wa dá ṣáká. Ṣùgbọ́n táyà bẹ́, irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí ènìyàn ń jókòó sì ká kẹ́rọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo 172 mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ náà ti máa ń bàjẹ́ bó bá fi imú balẹ̀.

Alága ẹgbẹ́ sáré wá sórí pápá. Lẹ́yìn tó rí i pé a wà láàyè, ìbéèrè kan ló bi wá: "Ta ni PIC?" Mo nawọ́ sí Bàbá. Bàbá nawọ́ sí mi.

Títí dòní, nígbà tí mo bá rántí ọwọ́ méjì yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òfin. Òfin FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú, sọ nǹkan mẹ́ta nípa ọ̀gá ọkọ̀ ní ẹsẹ 1.1. Ó ní òun ni àṣẹ ìkẹyìn àti ẹrù ààbò ọkọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun ni a ti yàn bẹ́ẹ̀, yálà kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí nígbà tó wà lójú ọ̀nà. Ó ní ó gbọ́dọ̀ ní irú ìwé ẹ̀rí tó bá ọkọ̀ náà mu. Ẹsẹ 91.3 fi kún un pé òun gan-an ni ìjọba yóò mú sọ̀rọ̀, àti pé bí ewu òjijì bá dé, ó lè rú òfinkófin débi tí ewu yẹn bá béèrè dé.

Ẹ fetí sí ohun tí òfin kò sọ. Kò sọ pé ẹni tó jókòó lápá òsì ni. Kò sọ pé ẹni tó ti fò jù ni, tàbí ẹni tó ni ọkọ̀, tàbí ẹni tó sanwó epo. Kò sì sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdarí ni. Ìwé ICAO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òfurufú, tí orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà náà ti wà nínú rẹ̀ láti 1960, sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn ní kedere nínú àfikún kejì rẹ̀: ọ̀gá ọkọ̀ ni yóò dáhùn fún pípa òfin òfurufú mọ́, yálà òun ló ń wà á o, tàbí òun kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín mẹ́ta yẹn tó yẹ ká jẹ lẹ́nu dáadáa: "a ti yàn án." Ta ló yàn án? Nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ńlá, ilé-iṣẹ́ ló ń yan kápítẹ́ẹ̀nì, orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ìwé kó tó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Nínú ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa, tí ènìyàn méjì pàdé ara wọn láàárọ̀ Sátidé, bí ìwé ẹgbẹ́ kò bá sọ ọ́, àwọn méjèèjì yẹn náà ni yóò yàn án. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún fi béèrè bóyá wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́. Bí wọn kò bá yàn án, kò túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀gá. Ó túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ni yóò yan ọ̀gá fún wọn lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́, ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń yàn án? Ní 1977, NTSB, ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, tó sì ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, dá ẹjọ́ kan tí àwa olùkọ́ mọ̀ sí ẹjọ́ Hamre. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé nínú ìrìnàjò ìkọ́ni, ẹni yòówù kó máa wa ọkọ̀, bó ti wù kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n wà tó, olùkọ́ ni a ó kà sí ọ̀gá ọkọ̀. Mo mọ àwọn tó ń bá ìdájọ́ yìí jiyàn pé checkout kì í ṣe ìkọ́ni, pé ẹni tó ti ní láísẹ́ǹsì kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Àríyànjiyàn yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé lè jẹ́ ọ̀gá nínú checkout tirẹ̀, kí olùkọ́ kàn jókòó máa wò ó, bí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àríyànjiyàn ṣe ibora. Bí ẹ bá ti la ẹnu sọ pé "ẹ fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀," ẹ ti ń kọ́ni. Níbi tí kò bá sí àdéhùn, ọ̀dọ̀ yín ni ojú gbogbo yóò yí sí, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú bàálù, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ló ń sọ ẹni tó jẹ́ àgbà, kì í ṣe irun funfun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà jù ni mo fẹ́ dúró sí báyìí: logbook, ìwé tí awakọ̀ ń kọ wákàtí tó ti fò sí.

Ẹsẹ 61.51 ló ń darí ohun tí ènìyàn lè kọ sínú logbook rẹ̀. Ó gba ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí fún irú ọkọ̀ náà láyè láti kọ wákàtí tó fi dá ọwọ́ wà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi wákàtí PIC. Ẹsẹ kan náà gba olùkọ́ láyè láti kọ gbogbo wákàtí tó fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi wákàtí PIC. Nítorí náà, ènìyàn méjì lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, kí àwọn méjèèjì kọ wákàtí 1.2 sábẹ́ PIC, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì purọ́. Níbẹ̀ ni àwọn mẹ́ta tó ní "àwọn méjèèjì ni" ti rí ìdáhùn wọn. Ohun tí wọ́n rí nínú ìwé kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ọba kì í pé méjì láàfin. Wákàtí ló lè pín sí ìwé méjì, àṣẹ kò ṣeé pín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán agbádá kan lè kà á mọ́ iye agbádá tó ti rán láyé rẹ̀. Bó bá fẹ́ gba fìrídọ̀ọ̀mù, ó lè dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó tì í náà lè kà á mọ́ iṣẹ́ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọrùn agbádá bá wọ́, tí oníbàárà sì gbé e dé pẹ̀lú ìbínú, kò ní béèrè iye tí ọmọṣẹ́ ti kà. Ọ̀gá ni yóò béèrè. Logbook ni kíkà yẹn. Ẹsẹ 1.1 àti 91.3 ni ọjọ́ tí oníbàárà dé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀ràn èmi àti Bàbá wà níbí. Ìbéèrè kẹta tí n kò bi wọ́n ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe flight review kẹ́yìn, ìyẹn àyẹ̀wò tí olùkọ́ ń ṣe fún ẹni tó ti ní láísẹ́ǹsì. Ẹsẹ 61.56 sọ pé ẹni tí kò bá tíì ṣe é láàárín oṣù 24 kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀. Oṣù gbáko ni wọ́n ń kà: bí o bá ṣe é ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún yìí, yóò gbé ọ dé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹta ní ọdún kejì sí i. Ti Bàbá ti parí ní ìparí oṣù tó ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló lé. Wọn kò mọ̀, wọ́n rò pé ó ku oṣù kan.

Ẹ rí i bí ó ṣe rí? Òfin kò gbà kí Bàbá jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, bí a tilẹ̀ fẹnu kò pé àwọn ni. Síbẹ̀, òfin gbà wọ́n láyè láti kọ wákàtí yẹn sábẹ́ PIC nínú logbook wọn, torí ìwé ẹ̀rí fún ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì kan wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ló sì wà á. Èmi tí mo ń dúró dè wọ́n pé kí wọ́n pàṣẹ, èmi nìkan ni àṣẹ lè wà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí a ti tan ẹ́ńjìnnì ni mo ti jẹ́ ọ̀gá, tí n kò mọ̀.

Flight review nìkan kọ́ ló lè mú ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ àdéhùn. Bí ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ ní bá jẹ́ èyí tí táyà rẹ̀ ń ká wọlé, tí igun abẹ propeller rẹ̀ sì ṣeé yí padà lófurufú, ẹsẹ 61.31 fẹ́ kí olùkọ́ ti fọwọ́ sí logbook ènìyàn fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lè jẹ́ ọ̀gá nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju ẹṣin 200 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí táyà kékeré rẹ̀ wà nídìí. Tí ìkùukùu bá wà, tó di dandan kí a fi ìwé ìrìnàjò IFR (fífò tí a ń fi ẹ̀rọ inú ọkọ̀ darí, kì í ṣe ojú) sílẹ̀, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí instrument, ìyẹn ti irú fífò bẹ́ẹ̀, nìkan ló lè jẹ́ ọ̀gá. Nígbà mìíràn, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni ìdènà wà. Àwọn olùkọ́ àgbà kan wà tí ìwé ìlera wọn ti parí. Òfin ṣì gbà wọ́n láyè kí wọ́n máa kọ́ni, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, tí wọn kò sì sí lára àwọn òṣìṣẹ́ tí ìrìnàjò náà kò lè ṣe láìsí. BasicMed, ètò tó jẹ́ kí awakọ̀ lè fò láìgba ìwé ìlera FAA, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2017 ti dín ìṣòro yẹn kù fún ọ̀pọ̀, kò pa á rẹ́. Ẹ wá fojú inú wo olùkọ́ tí kò ní ìwé ìlera, tó bá ẹni tí flight review rẹ̀ ti kọjá wọ ọkọ̀. Ẹni méjì wà níbẹ̀, kò sí ọ̀gá kankan. Wọn kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì yẹn.

Ẹnì kan bi mí nípa ìdánwò láísẹ́ǹsì, pé ṣé bákan náà ni. Rárá o. Ẹsẹ 61.47 sọ pé olùdánwò kì í ṣe ọ̀gá ọkọ̀ nígbà ìdánwò, àfi tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ìjókòó kan náà, ìwé lọ́wọ́ kan náà, òfin mìíràn. Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò lọ́wọ́ olùdánwò láìpẹ́, tó wá wọ checkout, lè gbé èrò ti ìdánwò wọ inú checkout láìmọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún un.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má gbé àṣà logbook ti Amẹ́ríkà dání lọ. Lọ́hùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ọ̀gá fún wákàtí kan. Bó bá jẹ́ ìkọ́ni, olùkọ́ kọ P1, ìyẹn ọ̀gá ọkọ̀, ẹnì kejì kọ ara rẹ̀ sí ẹni tó ń gba ẹ̀kọ́. Wọn kò lè sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pín in, wọ́n ní láti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Tiwa níbí fún ènìyàn láyè púpọ̀ láti má sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò kò gùn lọ́wọ́ mi. Ìwé adójútòfò ẹgbẹ́ máa ń sọ irú ẹni tó lè wa ọkọ̀ àti iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ ti ní. Ẹ kà á. Olùkọ́ tó bá rò pé adójútòfò ẹgbẹ́ bo òun, kó lọ wò ó bóyá orúkọ òun wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè san owó ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ lónìí, kí wọ́n sì yí padà bá ẹni tó ba ọkọ̀ jẹ́ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà.

Ó yẹ kí ọwọ́ tó gba ìdarí ní ohùn. Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń fún ni á sọ pé ìdarí ti di tìrẹ. Ẹni tó ń gbà á á dáhùn pé ó ti di tèmi. Ẹni àkọ́kọ́ á tún un sọ, á sì wò ó lójú ara rẹ̀ kó tó tú ọwọ́ sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ ọ, èmi náà sì mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tó kù yẹn dé, Yorùbá ni mò ń rò nínú, n kò sì mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ. Mo wá a nínú ọkàn mi. "Ẹ fún mi" dà bí ẹ̀bẹ̀. "Gbé e wá" jẹ́ ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Kí n tó yàn, ilẹ̀ ti dé.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá jù bó ṣe kan ẹlòmíràn lọ. A kò fẹ́ sọ ọ̀wọ̀ wa nù, a kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé kí a tó wọ ọkọ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣì wà nílẹ̀, mo máa ń sọ fún àgbà tí mo bá fẹ́ bá fò pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí mo bá sọ pé 'Ó di tèmi,' ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí a bá balẹ̀ tán, n ó dọ̀bálẹ̀." Kò tíì sí àgbà kan tó bínú sí mi rí. Ọ̀pọ̀ wọn a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní mo gbọ́n. "Ó di tèmi" kò rí ẹnikẹ́ni fín, ó sì kúrú, ó ṣeé sọ tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, ṣé bí a bá ti yan ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti tán? Kò tán. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1977, bàálù ńlá 747 méjì, ọ̀kan ti KLM, ilé-iṣẹ́ Netherlands, èkejì ti Pan American ti Amẹ́ríkà, kọlu ara wọn lórí runway ní Tenerife, erékùṣù Spain kan, nínú kùrukùru. Ènìyàn 583 ló kú. Nínú ọkọ̀ KLM, kò sí ẹni tó ń ṣiyèméjì nípa ọ̀gá. Kápítẹ́ẹ̀nì van Zanten ni olórí àwọn olùkọ́ 747 ilé-iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló dán igbákejì rẹ̀ wò fún 747 ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ìgbà tí ọkọ̀ ti ń sáré láti gbéra, ẹlẹ́ńjìnnì, ẹni kẹta tó ń bójú tó ẹ̀rọ nínú ọkọ̀, béèrè bóyá ọkọ̀ Pan American yẹn kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Kápítẹ́ẹ̀nì dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Ẹlẹ́ńjìnnì kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo máa ń ronú lórí igbákejì yẹn, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Irú ìjókòó tí ẹni tó wá ṣe checkout máa ń jókòó nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá jẹ́ ọ̀gá, mo máa ń sọ èyí pẹ̀lú: "Bí ẹ bá rí ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pariwo. N kò ní ka ariwo yín sí àìmọ̀ọ́wà." Ẹni tí a ń wò bóyá ó yege kì í yá láti sọ̀rọ̀, àfi tí a bá fún un láyè.

Tẹ́lẹ̀, n kò mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá náà lè jíhìn. Ẹsẹ 91.13 tó kọ ìwà àìbìkítà kò dá ọ̀gá ọkọ̀ nìkan sọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kópa nínú lílo ọkọ̀ ló ń bá wí. Olùkọ́ tó bá sọ pé "èmi kọ́ ni ọ̀gá" kò tíì bọ́.

Lẹ́yìn ìjàǹbá wa, mo kọ ìwé sí ètò ìròyìn ààbò tí NASA ń bójú tó, kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, bí ètò náà ṣe là á sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti ìdọ̀bálẹ̀ pàápàá. Ọkùnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì ìjọba, ó béèrè ohun tí alága béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí n kò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Èmi ni." Wọ́n ní kí n lọ gba ẹ̀kọ́ sí i lórí gbígba ìdarí. Mo lọ, ó sì ṣe mí lóore.

Bàbá kò padà wá fún oṣù méjì. Mo pè wọ́n, wọn kò gbé e. Mo rò pé mo ti ba fífò jẹ́ fún wọn, oorun kò sì dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ Sátidé kan wọ́n dé, wọ́n di logbook wọn mú lábẹ́ apá bí Bíbélì. Ọkọ̀ kejì tí ẹgbẹ́ ní ni a lò. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ní, "Olùkọ́, flight review mi ti kọjá. Ta ni ọ̀gá lónìí?"

Mo ní, "Èmi ni sà, títí n ó fi buwọ́ lu ìwé yín."

A jókòó sínú yàrá fún wákàtí kan lórí òfin, torí ẹsẹ 61.56 fẹ́ wákàtí kan nílẹ̀, ó kéré tán, àti wákàtí kan lókè. A gòkè. Afẹ́fẹ́ wà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé "Ó di tèmi," ọwọ́ wọn sì kúrò lórí ìdarí bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. A balẹ̀, a pa ẹ́ńjìnnì. Mo buwọ́ lu logbook wọn lórí itan mi níbẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí i, mo dá a padà fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Wọ́n ní kí n má sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wọ bẹ́líìtì wọn padà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó di tèmi báyìí, àbí?"

Mo ní, "Ó di tiyín, sà."

Wọ́n ní, "Ó di tèmi." Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Mo gbé ọwọ́ mi lé itan, a sì jọ yí ọkọ̀ lọ sí ẹnu runway.